Ìràwọ̀ Àkeekèé àti Orúkọ Ìyá Àgbà

Ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí a sin ọkọ mi, nígbà tí wọ́n ti ṣe fídáù tán tí àwọn èèyàn ṣì ń jẹun, mo gbọ́ tí ìbátan rẹ̀ kan ń sọ fún ẹnì kejì lẹ́yìn fèrèsé yàrá mi pé, "Wọ́n ṣáà ti sọ ọ́ látilẹ̀. Ìràwọ̀ obìnrin yìí ni. Ó padà pa á."

Ọkọ mi tí wọ́n ń sọ yìí, ọ̀pá ló fi ń rìn kó tó kú. Eyín ẹnu rẹ̀ ti tán. Ó ti rí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó pọn ọmọ tirẹ̀. Mo ṣí fèrèsé, mo ní, "Ẹ̀yin ará ibí, àkeekèé wo ló máa ń dúró kí ẹni tó fẹ́ ta kọ́kọ́ darúgbó?" Wọ́n gbé àwo oúnjẹ wọn, wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Títí di òní n kò tíì lè jókòó sí àga ọkọ mi, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i. Ṣùgbọ́n ẹkún kò ní kí ọwọ́ èèyàn má lè mú bírò. Ilé kéwú ni mo lọ, mo sì lo ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ ní ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì kí bàbá mi tó ní ó tó, nítorí náà kí ẹ fara da ọwọ́ mi. Mo rántí orúkọ gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, mo rántí ti ìyá wọn, mo tilẹ̀ rántí ti àwọn tó bá wọn pọn omi. N kò ní kọ ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀. Orúkọ ni wọ́n fi ṣe wá ní ohun tí wọ́n ṣe wá nígbà náà. Kò tún ní bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ọwọ́ mi.

Kaduna ìgbà yẹn kò tíì tóbi. Ibi tí ẹ ti ń rí ilé àti ṣọ́ọ̀bù lónìí, oko ọkà bàbà ni, igbó ni. Àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀, réluwéè àti iṣẹ́ ìjọba ló kó ọ̀pọ̀ wa wá. Télọ̀ ni bàbá mi, ọmọ Ìlọrin, aṣọ kakí àwọn sójà ló ń rán. Ìyàwó méjì ló ní. Ìyá Àgbà ni ìyálé. Ìyàwó kejì, tó bí èmi àti àwọn àbúrò mi, òun là ń pè ní Ìyá Kékeré.

Ìyá Àgbà kò bímọ rí. Àmọ́ bí ẹ bá wọ ilé wa tí ẹ béèrè pé ta ló ni àwọn ọmọ yìí, òun ni gbogbo ilé á nawọ́ sí. Òun ló wẹ̀ mí láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń sùn. Ìgbà tí mo bá ṣẹ̀, òun ló ń nà mí. Ìyá Kékeré kàn máa ń wò ni. Bí àlejò bá kí Ìyá Kékeré pé ó kú ọmọ, á tọ́ka sí Ìyá Àgbà, á ní, "Ẹ kí ìyá wọn."

Ìyá Kékeré ló mọ ìràwọ̀. Etí odò ni wọ́n ti tọ́ ọ, ní apá Ọ̀yọ́, láàárín àgbẹ̀ àti apẹja. Ó máa ń fi Àgùàlà hàn wá, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń tẹ̀ lé òṣùpá kiri bí ajá. Ó máa ń fi ìràwọ̀ ọkọ̀ hàn wá, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń wò kí wọ́n má ṣìnà. Èyí tó fẹ́ràn jù ni adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ tó ṣù jọ sójú kan. Nígbà tí adìẹ bá tún kọ́kọ́ yọ ní ìdájí lẹ́yìn tó ti sọnù lójú ọ̀run fúngbà díẹ̀, Ìyá Kékeré á ní òjò ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn, a ó sì lọ gbin ohun tó kù sí oko wa lọ́nà Afaka. Àwọn Hausa tó múlé tì wá náà ní adìẹ ni. *Kaza mai ’ya’ya* ni wọ́n ń pè é, adìẹ ọlọ́mọ. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn tí kò gbọ́ èdè ara wọn gbójú sókè, wọ́n sì rí adìẹ kan náà.

Ogun kejì àwọn òyìnbó kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ mi wọ ilé wa. Bíríkìlà ni. Òjò ló wó ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, bàbá mi sì pè é kó wá tún un mọ. Ògiri kékeré ni, ṣùgbọ́n kò tán bọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà dúró tì í lọ́jọ́ kan.

"Bíríkìlà, ṣé ògiri lò ń mọ ni àbí ọmọ mi lò ń wò?"

"Méjèèjì ni mò ń ṣe, Ìyá. Ògiri ló kọ̀ tí kò fẹ́ tán."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi já bọ́ lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ti fẹ́ràn rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Alfa ni bàbá rẹ̀, ní apá Kinkinau, ọmọ Ìlọrin bíi tiwa. Àwọn ọmọdé ń kéwú lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn àgbà sì ń wá kó bá wọn wo ìràwọ̀. Kì í wo òkè tó bá fẹ́ wo ìràwọ̀ èèyàn o. Orúkọ rẹ àti orúkọ ìyá rẹ ló máa béèrè. Lẹ́tà kéwú kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á máa yọ méjìlá méjìlá kúrò nínú rẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù ló máa sọ ilé ìràwọ̀ tí wọ́n bí ọ sí. Ilé méjìlá ló wà. Ó ní ilé àgbò, ó ní ti akọ màlúù, ti òṣùwọ̀n, ti ẹja, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń so yìgì ọmọ rẹ̀ láàárín wa nígbà náà tí kì í kọ́kọ́ wò bóyá ìràwọ̀ ọkọ àti ti ìyàwó bára mu.

Alárinà wa, obìnrin ẹlẹ́nu dídùn kan tó ń ta aṣọ, ló gbé orúkọ mi lọ. Nígbà tó padà dé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ sí iwájú Ìyá Àgbà.

"Ìyá, ẹ jókòó ná. Kò dáa. Ọmọ Alfa bọ́ sí ilé kìnnìún. Tiwa bọ́ sí ilé àkeekèé. Alfa ní kìnnìún tó bá wọlé àkeekèé kò ní pẹ́ láyé. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bá bí kò ní tíì rìn tí bàbá rẹ̀ á fi lọ. Wọ́n ní ká jẹ́ kọ́rọ̀ náà tán síbẹ̀."

Bàbá mi kò gbójú sókè lórí máṣíìnì rẹ̀. Ó ní, "Alfa ti sọ̀rọ̀. Ta lèmi?" Ó ń tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ.

Kí ẹ má ro pé èèyàn burúkú ni Alfa. Ó ti sin àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ní Ìlọrin, kété lẹ́yìn tí ìyẹn gbéyàwó. Ẹ̀rù ló ń bà á, bí ẹ̀rù ṣe ń ba gbogbo ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da iyẹ̀pẹ̀ lé ọmọ. Mo mọ̀ ọ́n lónìí. Nígbà náà, n kò mọ nǹkan kan ju pé wọ́n ti gba ọkùnrin tí mo fẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí ohun tó wà lójú ọ̀run.

Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀. "Orúkọ ìyá wo lo fún Alfa?"

"Ìyá wo tún ni, Ìyá? Tiyín ni."

Alárinà wo Ìyá Àgbà, ó wo Ìyá Kékeré, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa pé kí lorúkọ ìyá mi, ti Ìyá Àgbà ni wọ́n máa sọ. Ti Ìyá Kékeré, bóyá la fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn bàbá mi àti èmi.

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Haba! Èmi ni mo ni àkeekèé!" Ó nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti rọrùn. Padà lọ bá Alfa, sọ fún un pé àṣìṣe ni. Èmi kọ́ ni mo bí i. Ìyàwó, sọ orúkọ rẹ fún un kó mú un lọ."

Ìyá Kékeré ń ṣa ẹ̀wà. Kò dáwọ́ dúró. "Ìyálé mi, n ò ní orúkọ tí mo fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí lo wí?"

"Orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n béèrè. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fún wọn. Irọ́ dà níbẹ̀?"

"Ìyàwó, má ṣe wèrè. Ọkọ ọmọ ló ń lọ yìí."

"Tó bá ń lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Èmi ò ní rán èèyàn lọ sí Kinkinau kó lọ sọ láàárín ọjà pé ẹ̀yin kọ́ lẹ bímọ yìí."

Ìyá Àgbà dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kó tó jáde. Èmi jókòó síbẹ̀, inú bí mi sí àwọn méjèèjì. Ọ̀kan fẹ́ bọ́ ipò ìyá kúrò lára rẹ̀ nítorí mi, èkejì kò gbà á. Èmi tí wọ́n ń jà lé lórí, ọkọ ni mo fẹ́.

Ṣùgbọ́n alárinà kò lè pa á mọ́ra. Ó ti lọ bá Alfa pé àṣìṣe wà níbẹ̀, pé òun kò mọ orúkọ ìyá tó bí mi. Alfa sì ránṣẹ́ pé kí èmi fúnra mi wá sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa lọ, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, bíríkìlà wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, lẹ́bàá ògiri rẹ̀. Òjò ti dá, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ó nawọ́ sí apá gúúsù.

"Wò ó. Àkeekèé rẹ nìyẹn. Orí rẹ̀ nìyí, àyà rẹ̀ lèyí tó pupa yẹn. Wo ìrù rẹ̀ bó ṣe ká."

Mo wò ó. Ó ká lóòótọ́. Mo pe Ìyá Kékeré tó ń dáná pé kó wá wò ó. Ó fi ọwọ́ nu aṣọ, ó gbójú sókè.

"Èwo ni àkeekèé? Ìwọ̀ nìyẹn. Ìwọ̀ ẹja. Ṣé ẹ ò rí ibi tó tẹ̀ ni?" Ó padà sídìí ààrò rẹ̀.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Ó ní, "Dárúkọ ìyá tó bí ọ fún Baba lọ́la. Ó lè bọ́ sí ibi tó dáa. Ọ̀rọ̀ á tán."

"Tó bá tún bọ́ sí àkeekèé ńkọ́?"

Ó fọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí ògiri rẹ̀.

"Tó bá sì bọ́ sí àgbò, ṣé èmi á wá di ẹlòmíì?" Mo bi í ní èyí tó wà lọ́kàn mi gan-an. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o máa lè fẹ́ àkeekèé?"

"Èmi?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé òkúta kan kúrò nídìí ògiri, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó dá a padà. "Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe? Kò sí ọjọ́ tí n kì í gbé òkúta kí n bá àkeekèé lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ta mí. Mo ké, mo lọ sílé, mo padà síbi iṣẹ́."

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló wé gèlè fún mi. Ó di etí mi mú bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. "Gbọ́ mi dáadáa. Bó bá béèrè, dárúkọ Ìyá Kékeré fún un. Kò ní dùn mí." Ó ń sọ ọ́, kò sì wo ojú mi.

Alfa jókòó lórí awọ àgùntàn rẹ̀. Ó ti gbé wàláà, pátákó ìkéwú rẹ̀, sórí itan, ó ti ki gègé ìkọ̀wé bọ inú yíǹkì tàdáwà. Aṣọ títa wà láàárín yàrá, mo sì mọ̀ pé àwọn obìnrin ilé wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó dáhùn ìkíni mi jẹ́jẹ́.

"Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Mo fẹ́ kó bọ́ sí rere. Wallahi, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí lorúkọ ìyá tó bí ọ?"

Orúkọ náà wà ní orí ahọ́n mi. Ọ̀rọ̀ kan péré. N kò tíì rí ohun tó wúwo bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu. Mo ní, "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, kí n tó dáhùn. Ta ló kọ́kọ́ sọ pé àkeekèé ni?"

Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni. Ìbéèrè kì í bí olùkọ́ nínú. "Àwọn ará àtijọ́ ni. Àwọn darandaran inú aginjù. Wọ́n á dùbúlẹ̀ ti ẹran wọn, wọ́n á máa wo òkè. Àgbò wọn ni wọ́n rí níbẹ̀, akọ màlúù wọn, kìnnìún tó ń kó wọn lẹ́ran lọ, àkeekèé tó ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Àwọn Lárúbáwá kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn oníràkunmí gbé ìwé náà la aṣálẹ̀ kọjá, ó dé Kano, ó dé Ìlọrin, ó kan bàbá mi, ó kan èmi."

"Ẹ ṣeun, Alfa. Ó jọ pé ohun tí kálukú ní nílé ló ń rí lókè. Àwọn tó ni àkeekèé lẹ́bàá ẹsẹ̀ rí àkeekèé. Ìyá mi kan nílé wo ibẹ̀ kan náà, ìwọ̀ ẹja ló rí, nítorí etí odò ni wọ́n ti bí i. Ká ní àwọn ará odò ló kọ ìwé ni, ilé ìwọ̀ ni ẹ̀ bá ṣírò fún mi. Ṣé ìwọ̀ máa ń pa kìnnìún?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ títa, ó sì yára fọwọ́ di ẹnu. Alfa kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọbìnrin, orúkọ ni mo béèrè."

"Orúkọ tí alárinà mú wá fún yín, òun náà ni orúkọ ìyá mi."

"Wọ́n ní ìyẹn kò bímọ rí."

"Alfa, àwọn Hausa tó yí wa ká máa ń kó ẹyin ẹtù sábẹ́ adìẹ. Adìẹ á sàba lé e títí á fi pamọ. Tí àwọn ọmọ ẹtù bá jáde, ta ni wọ́n ń tẹ̀ lé? Tí àwòdì bá dé, abẹ́ ìyẹ́ ta ni wọ́n ń sá sí? Adìẹ ọlọ́mọ tí gbogbo wa jọ ń rí lójú ọ̀run yẹn, ta ló ti bi í rí pé èwo ló yé nínú àwọn tó ń kó kiri? Ẹ jẹ́ kí àkeekèé yẹn wà lórúkọ mi. Mo gbà á. Ti ìyá mi ni."

Tàdáwà ń kán láti ẹnu gègé sórí wàláà. Alfa kò rí i.

"Ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ?"

"Ìyá mi ni, Alfa."

"Èwo nínú wọn?"

"Àwọn méjèèjì."

Ó gbé wàláà sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Mo ti sin ọmọ kan. N kò ní fi ẹnu mi so yìgì yìí. Kí ó má di pé èmi ni mo ti ìkejì sínú sàréè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá so ó, n kò ní bá a jà. Máa lọ sílé."

Nígbà tí mo délé, Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà. "O dárúkọ rẹ̀?"

"Mo dárúkọ ìyá mi."

Ó mọ èyí tí mo sọ. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ní kí n lọ pọn omi, pé ṣé ilé ọkọ ni mo fẹ́ gbé ọ̀lẹ mi lọ ni.

Málàmù kan tó jẹ́ ará Núpé ló so yìgì wa ní ojúde bàbá mi. Àbúrò Alfa ló dúró fún ọkọ mi. Alfa kò wá. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n fẹ́ sìn mí lọ sí Kinkinau. Àwọn ìyàwó ilé ló máa ń sin ìyàwó nílẹ̀ wa. Ìyá kì í bá ọmọ rẹ̀ délé ọkọ lọ́jọ́ náà. Bàbá mi rán Ìyá Àgbà létí.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ilé tí wọ́n ti ní ọmọ mi ń ta bí àkeekèé, èmi ni màá mú un débẹ̀."

A dé ẹnu ọ̀nà Alfa. Ó yẹ kí àwọn obìnrin ilé náà gbé omi jáde wá fọ ẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé. Wọ́n tò sí ara ògiri, wọ́n ń wo ojú Alfa, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé pẹ̀lú tèsùbáà lọ́wọ́. Alfa ń ka tèsùbáà rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò lọ gbé omi. Ọkọ mi gbésẹ̀ kan síwájú, àbúrò bàbá rẹ̀ di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ̀yin ará ilé," Ìyá Àgbà ní, "ṣé kò sí omi ní Kinkinau ni?"

Wọ́n wolẹ̀.

"Ó dáa. Mo gbé tèmi wá." Ó gba búútà kan lọ́wọ́ obìnrin tó tẹ̀ lé wa. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó bọ́ bàtà mi, ó sì fọ ẹsẹ̀ mi lójú gbogbo wọn. Kò kánjú. Ó fọ àárín ọmọ ìka mi bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́ nígbà tí mo wà léwe. Omi náà ṣàn lọ síwájú títí dé iwájú Alfa, ilẹ̀ ibẹ̀ sì di ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó di ọwọ́ mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Ìyá ìyàwó," Alfa ní.

Ìyá Àgbà dúró.

"Ẹ rọra o. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀."

"Mo gbọ́, Alfa. Ẹ bá mi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kí ọmọ mi ráyè kọjá."

Ó sún. A wọlé.